Ìwé Látìn fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò gbọ́ Látìn

Láàárín àwọn tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, Látìn wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ fi kún ẹ̀kọ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti inú rẹ̀ jáde, èdè dókítà àti lọ́yà, Máàsì àwọn Àgùdà. Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ibi tí wàhálà wà ni ìwé tí a ó rà nígbà tí ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ náà kò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ Látìn kan.

"Èwo ló dára jù?" ni gbogbo ènìyàn ń béèrè, ìbéèrè yẹn gan-an ló sì ń ṣi òbí lọ́nà. Ìwé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń yìn lè sọ ọmọ ọdún mẹ́jọ di ọ̀tá Látìn láàárín oṣù kan. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wádìí ni pé, nígbà tí ẹni tó kọ ìwé yìí ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ta ló rò pé yóò dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́?

Ẹ wo ilé kéú. Ogún ọmọ ń ké wàláà lẹ́ẹ̀kan náà, àáfà ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò wo ojú wàláà ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá gé ohùn tó yẹ kó fà, pàṣán ti dé ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó mí. Etí àáfà ni ilé-ìwé náà. Inú orí rẹ̀ ni gbogbo ìdáhùn wà, kò sí èyí tó wà lára wàláà. Mú àáfà kúrò, kí o fi ìyá ọmọ náà tí kò ké kéú rí jókòó sórí ẹní rẹ̀. Kíké yóò máa lọ, yóò tilẹ̀ dùn-ún gbọ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ọmọ ti ṣìnà láti Ọjọ́rú tó kọjá.

Kíké ni Látìn náà fi ń bẹ̀rẹ̀: amo, amas, amat, amamus, amatis, amant (mo fẹ́ràn, o fẹ́ràn, ó fẹ́ràn, títí dé wọ́n fẹ́ràn). Ìyẹn kò le, ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Ìrù ọ̀rọ̀ ló le, nítorí òun ló ń ṣe iṣẹ́ tí ipò ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú Yorùbá. "Agricola puellam videt" ni pé àgbẹ̀ rí ọmọbìnrin. Bí a bá yí i sí "puellam agricola videt", àgbẹ̀ náà ló ṣì rí ọmọbìnrin, torí lẹ́tà m tó wà ní ìdí puellam ti sọ pé òun ni àbọ̀, ibi yòówù kó dúró sí. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: pààrọ̀ ipò wọn, ọmọbìnrin ló máa di ẹni tó rí àgbẹ̀.

Ìgbà tí a bá ń máàkì iṣẹ́ ọmọ ni ìjọ̀gbọ̀n ń bẹ́. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìwé tẹ̀. Ọmọ kọ ìkejì tó tọ̀nà bákan náà, òbí fi igi fà á, ọmọ sì jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ìdáhùn inú ìwé lè túmọ̀ amat bí ẹni pé obìnrin ló ń fẹ́ràn, kí ọmọ kọ ọ́ bí ẹni pé ọkùnrin ni. Àwọn méjèèjì ló gbà á, bí "ó" tiwa kò ti yàtọ̀ fún akọ àti abo. Èyí tó burú jù ni àṣìṣe tó jọ òótọ́. Ìrù kan náà ni agricola àti puella ní, ṣùgbọ́n akọ ni agricola, nítorí náà agricola bonus ni wọ́n ń pe àgbẹ̀ rere; abo bíi puella ni wọ́n ń lo bona fún. Ọmọ tó bá kọ agricola bona ti ṣì í. Òbí wo ìrù méjèèjì, ó rí i pé wọ́n bára mu, ó sì fún un ní máàkì.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹ jẹ́ ká wo àwọn ìwé náà. Ọdún 1956 ni ìwé Frederic Wheelock kọ́kọ́ jáde. Àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Brooklyn, tí àwọn sójà tó ti ogun dé wà lára wọn, ló ní lọ́kàn. Orí kìíní gan-an ti da oríṣi ọ̀rọ̀ ìṣe méjì pọ̀ mọ́ àṣẹ pípa. Ó ní ìdánrawò tí ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé, nítorí náà òbí tó fẹ́ kọ́ Látìn fún ara rẹ̀ lè rà á. Kí a má gbé e fún ọmọ kékeré.

Cambridge Latin Course ti ọdún 1970 ń sọ ìtàn Caecilius ará Pompeii, ìlú àwọn ará Róòmù àtijọ́ kan, ẹni tó gbé ayé rí ní tòótọ́: ọdún 1875 ni wọ́n hú wàláà ìṣirò owó rẹ̀ jáde nínú ilé rẹ̀. Ọmọ yóò máa bẹ̀bẹ̀ fún ìtàn tó kàn. Àmọ́ ìwé náà mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọmọ kà á kó tó ṣàlàyé gírámà, torí ó gbà pé olùkọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kó dánu dúró wà nínú kíláàsì.

Ti Hans Ørberg ará Denmark ló lọ́gbọ́n nínú jù. Ní ọdún 1955 ló gbé e jáde, ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní orí 35, Látìn sì ni gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. "Roma in Italia est," ó ń bẹ̀rẹ̀, máàpù sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ti mọ̀ ni wọ́n fi ń ṣàlàyé èyí tí kò mọ̀, pẹ̀lú àwòrán létí ojú ìwé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bó ti bo Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọmọ lójú ló bò ó mọ́ òbí. Bí ọmọ bá ní ó ti yé òun, kí ni òbí yóò fi mọ̀? Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta ìwé ìdáhùn. Òbí tó bá lè máa fi orí kan ṣíwájú ọmọ tó ti ń dàgbà ni yóò gbádùn rẹ̀.

Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan wà tó kọ ìwé fún òbí tí kò mọ nǹkan kan. Prima Latina ti Memoria Press, ní Kentucky, tẹ ojú ìwé ọmọ sínú ìwé olùkọ́ pẹ̀lú ìdáhùn lára rẹ̀, ó sì ní fídíò tí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ká àáfà sórí fídíò nìyẹn. Kíké ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìtàn lọ, ó sì lè sú ọmọ tó fẹ́ràn ìtàn. Ìwé William Linney, Getting Started with Latin, rọrùn jù ú lọ: ẹ̀kọ́ 134, ohun tuntun kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn lẹ́yìn ìwé, ohùn tí a lè gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò gbé ọmọ jìnnà, wọ́n á nílò ìwé mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ dájú pé kò sí àáfà nínú ilé.

Ti ohùn pípè kò yẹ kó dá ìjà sílẹ̀ tó bó ṣe ń dá a. Àwọn kan ń pè é bí àwọn ará Róòmù àtijọ́, àwọn kan bí ìjọ Àgùdà, méjèèjì dára. Ohun tó ń da ọmọ láàmú ni kí ìwé jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan, kí fídíò jẹ́ ti èkejì, kó gbọ́ vici bí "wíkì" lónìí, kó gbọ́ ọ bí "vítṣì" lọ́la.

Bí bàbá àgbà kan bá sì wà nínú ẹbí tó kọ́ Látìn ní ilé-ìwé gírámà àtijọ́ ní Nàìjíríà, tàbí ẹnì kan tó ka Classics (ẹ̀kọ́ nípa Róòmù àti Gíríìsì àtijọ́) ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí a pè é lórí WhatsApp. Kódà bó bá ti gbàgbé ìdajì rẹ̀, yóò mọ ohun tó ṣe agricola bona.

Ìwé olùkọ́ ni kí a ṣí wò ká tó rà, kí ó sì jẹ́ àárín rẹ̀, torí ẹ̀kọ́ kìíní ìwé wo ni kì í dùn? Kí a mú ìdánrawò kan níbẹ̀, kí a wò ó bóyá ó sọ ìdí tí ìdáhùn fi rí bẹ́ẹ̀ àbí ìdáhùn nìkan ló kọ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àlòkù, tí ẹni tó ń tà á sì ní ìwé ọmọ nìkan ló kù lọ́wọ́ òun, kí a béèrè iye tí wọ́n ń ta ìwé olùkọ́ lọ́tọ̀ ká tó sanwó.