Ìwé Ọnà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tí Bébà Funfun Ń Bà Lẹ́rù

Ní ọ̀sán Sátidé, àwa bíi mélòó kan máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, a ó kó ìwé, gọ́ọ̀mù, àjákù aṣọ àti oríṣiríṣi àwọ̀ sílẹ̀, oníkálukú yóò sì máa ṣe ìwé tirẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù níbẹ̀ nìyí, mo sì dáhùn wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe yé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ìbéèrè: Kí ni ẹ ń pè ní ìwé ọnà, kí sì ni àdàlú ohun èlò?

Ìdáhùn: Ìwé ọnà ni ìwé tí ènìyàn fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ìgbé ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í fi ọ̀rọ̀ nìkan ṣe é. Ó lè ya àwòrán sí ojú ewé kan, kí ó lẹ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mọ́ èkejì, kí ó kun ẹ̀kẹta ní àwọ̀, kí ó sì kọ gbólóhùn méjì péré sórí rẹ̀. Àdàlú ohun èlò kò ju pé a kò fi nǹkan kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ lọ: bébà, aṣọ, òwú, ọ̀dà, èédú àti iyanrìn lè pàdé lójú ewé kan náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìwé yìí àti àwòrán tí a ń gbé kọ́ ara ògiri ni pé ìwé ṣeé pa dé. Ẹni tí ó ni ín ni yóò pinnu ẹni tí yóò rí i, èyí ni ó sì mú kí ó dára fún ẹni tí kò tíì gbọ́kàn lé ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti ra ìwé tuntun, n kò sì tíì lè fi nǹkan kan sí i. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ohun tí ó fà á ni pé ìwé náà ti níyì jù lójú yín. Ẹ fi owó gidi rà á, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, ewé rẹ̀ funfun báláú, gbogbo ohun tí ẹ bá sì rò láti fi síbẹ̀ ni ó ń dà bí ẹni pé kò tó o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sọ fún mi pé àwọn ń dúró kí ìgboyà dé ná kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí èmi rí yàtọ̀ sí ìyẹn: ọwọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìgboyà a sì wá bá a lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú funfun náà kúrò.

Ìyá kan tí ó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ni ó là mí lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá ní ọjọ́ kan, kò sì mú ìwé mìíràn dání ju ìwé àwìn rẹ̀ àtijọ́ lọ, èyí tí ó ti kún fún orúkọ àti owó, tí ó sì ti fi bírò fa ìlà kọjá lórí gbèsè tí wọ́n ti san. Ọmọ rẹ̀ tí ó mú ìwé tuntun wá jókòó tì í fún bíi wákàtí kan, ó ń fi pẹ́ńsù yà á, ó ń fi rọ́bà pa á rẹ́. Kí ó tó rí ìlà kan tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìyá rẹ̀ ti lẹ àjákù àwọ̀n mọ́ ojú ewé méjì, ó ti fi àtàǹpàkò tẹ àwọ̀ aró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìgbì, ó sì jẹ́ kí àwọn iye owó náà máa yọjú láàrin ihò àwọ̀n bí ẹja tí ó há. Mo bi í pé báwo ni ó ṣe ronú kàn án. Ó ní òun kò ronú rárá. Ìwé náà ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí òun tún fẹ́ bà jẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí tiyín náà dọ̀tí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí ronú. Ẹ da tíì tí ó ṣẹ́kù nínú ife sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Tàbí kí ẹ tẹ́ ewé náà lé orí ẹní, agbọ̀n tàbí páànù oníhàrahàra, kí ẹ dá èédú dùbúlẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ra ojú bébà náà títí ara ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò fi hàn. Max Ernst, ọlọ́nà ọmọ ilẹ̀ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú èyí ní 1925, nígbà tí ó tẹ́ bébà lé pákó ilẹ̀ yàrá tí ó sì fi pẹ́ńsù rà á. Ó máa ń tẹjú mọ́ ohun tí ó bá hàn títí tí igbó àti ẹranko yóò fi máa yọ sí i lójú. Nígbà tí nǹkan bá ti wà lójú ewé, ojú yín yóò rí ohun tí yóò dá lóhùn, èyí sì rọrùn púpọ̀ ju kí ènìyàn fa ohun gbogbo jáde láti inú òfìfo.

Ìbéèrè: Ẹ máa ń ní kí a lo ohun tí ó wà láyìíká wa. Kí ló wà ní Ẹ̀pẹ́ tí ènìyàn lè fi ṣe ọnà?

Ìdáhùn: Ẹja ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ, mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ní ilẹ̀ Japan, láti nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ni àwọn apẹja ti ń fi yíǹkì tẹ ẹja tí wọ́n bá pa sórí bébà, kí ẹ̀rí bí ó ṣe tóbi tó lè wà. Gyotaku ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Dúdú èéfín ni wọ́n fi ń ṣe yíǹkì wọn, nítorí náà wọ́n lè fọ ẹja náà lẹ́yìn iṣẹ́ kí wọ́n sì sè é jẹ.

Ẹ wá èpìyà kan tí wọn kò tíì ha ìpẹ́ rẹ̀. Àrọ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí kò ní ìpẹ́. Ẹ fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ohun tí ń yọ̀ lára rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi aṣọ nù ún gbẹ dáadáa, nítorí omi tí ó bá ṣẹ́kù ni yóò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹ lọ èédú kúnná, ẹ pò ó mọ́ ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ tí ẹ sè tí kò ki jù, kí ẹ sì fi fóòmù kékeré kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́ láti orí dé ìrù. Bí ó bá ti ki, ìpẹ́ kò ní hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ bébà tín-ín-rín lé e, ẹ má sì ṣe fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìka ni kí ẹ fi máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tẹ̀lé ẹ̀yìn rẹ̀, ikùn rẹ̀, àti ibi tí lẹbẹ rẹ̀ parí sí. Nígbà tí ẹ bá ṣí bébà náà, ẹ óò rí ìpẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ènìyàn to àwo. A kì í fi àwọ̀ kun ojú ẹja kí a tó tẹ̀ ẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń yà á sí bébà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó sọ fún mi pé àwọn kò mọ àwòrán yà ti kọ́kọ́ ya, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ti yà á. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù ni ẹ lò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ ẹja náà mọ́.

Yàtọ̀ sí ẹja, ẹ lè lo ìpẹ́ tí ẹ ti fi ọṣẹ fọ̀ tí ó sì ti gbẹ, bébà inú àpò sìmẹ́ǹtì tí ó nípọn tí ó sì ní àwọ̀ ilẹ̀, àti gígé aṣọ tí àwọn télọ̀ ń gbá dànù.

Ìbéèrè: Gbogbo àwọ̀ mi máa ń dà pọ̀ di ẹrẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mú kí ọ̀kan dúró lọ́tọ̀ sí èkejì?

Ìdáhùn: Ìkánjú ni ó ń fa ẹrẹ̀ náà jù. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó da èkejì lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́: àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́, wọ́n á sì rì í sínú aró èlú. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní rí i gbà. Lórí bébà, tí kò ṣeé fọ̀ bí aṣọ, àbẹ́là ni kí ẹ fi rọ́pò ẹ̀kọ. Ẹ fi àbẹ́là funfun kọ ohunkóhun sójú ewé, ẹ kò ní rí i. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì da omi àwọ̀ lé e, ohun tí ẹ kọ yóò sì yọ síta ní funfun, nítorí pé omi kì í mú ara àbẹ́là.

Fún omi àwọ̀ náà, mo fẹ́ràn sóbò, ìyẹn ìṣápá pupa, tí a sè títí tí ó fi ki. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé pupa ni a ń kùn, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń gbẹ di àwọ̀ eérú bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú. Ẹfun tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ bébà òde òní ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò padà di pupa. Bí ẹ bá kán omi káún sí i, yóò sún mọ́ àwọ̀ búlúù tàbí ewé. Ẹ kán méjèèjì sójú ewé kan náà kí ẹ sì wò ó. Mo ti rí àgbàlagbà tí ó pariwo bí ọmọdé nígbà tí àwọ̀ náà yí lójú rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí bébà mi fi ń ká tí ó sì ń wú?

Ìdáhùn: Ara igi ni bébà, omi a sì máa mú un wú. Èyí tí a fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kò sábà ju gírámù 80 lọ ní mítà onígun mẹ́rin, nígbà tí bébà tí a ṣe fún àwọ̀ olómi a máa tó 300. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ewé méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí ẹ tó kùn ún, kí ẹ sì fi ìwé wúwo tẹ̀ ẹ́ di ọjọ́ kejì.

Ìbéèrè: Ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé ni kí àgbà máa gé bébà lẹ̀?

Ìdáhùn: N kò bínú, nítorí ìtìjú yìí ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ní 1912 ni Pablo Picasso, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Spain, lẹ aṣọ tábìlì onírọ́bà mọ́ ojú àwòrán kan, tí ó sì fi okùn gidi yí etí rẹ̀ ká. Ní ọdún yẹn kan náà ni Georges Braque, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí gé bébà ara ògiri lẹ̀ mọ́ àwòrán tirẹ̀. Nílé wa níbí, Jimoh Buraimoh ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo kí ó tó wọ iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ọnà tí Georgina Beier ṣí síbẹ̀ ní 1964. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀, tí a mọ̀ mọ́ adé ọba, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àwòrán títí tí ó fi di ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: N kò mọ ohun tí mo lè fi sínú rẹ̀. Ìgbésí ayé mi kò ní nǹkan bàbàrà.

Ìdáhùn: Ohun tí àwọn aládìrẹ rí ní ìgboro ni wọ́n yà. Òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà nínú ọnà tí a ń pè ní Ìbàdàn-dùn. Àwòrán ọba àti ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wọ inú ọnà ara aṣọ nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ọba náà ní 1935. Níhìn-ín, ẹ ní ọ̀sà, ẹ ní ọkọ̀, ẹ sì ní ọdún Káyó-Káyó tí ó ń rán wa létí bí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò lórí oyè ní 1851, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ gé ọkọ̀ láti inú bébà àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ fi gígé aṣọ ẹgbẹ́ ọdún náà ṣe àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ẹ bá jókòó ní ọjọ́ yẹn sábẹ́ rẹ̀. Ojú ewé kan ti kún nìyẹn.

Ìbéèrè: Bí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má fa ewé náà ya. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n lórí èyí ju ohun gbogbo lọ. Nínú ìwé tí a rán láàrin, ewé kan so mọ́ ìkejì rẹ̀ ní apá kejì, bí ẹ bá sì fa ọ̀kan yọ, èkejì tí ẹ fẹ́ràn yóò tú. Èyí tí ó burú jù ni pé ọwọ́ tí ó bá ti mọ́ fífa ewé ya yóò máa wá àléébù kí ó tó ṣe ìlà mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀dà funfun tí a fi ń kun ilé bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ohun àtẹ̀yìnwá máa hàn díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Tàbí kí ẹ gé fèrèsé sí i, kí ojú ewé tí ó tẹ̀lé e máa yọjú níbẹ̀. Bí kò bá sí èyí tí ó wù yín, ẹ kọ déètì sí i kí ẹ sì ṣí ewé mìíràn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú ìwé náà kí ewé rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ra?

Ìdáhùn: Ẹ fi nílọ́ọ̀nù sáàárín ewé méjì tí kò tíì gbẹ tán. Bí ohun tí ẹ lẹ̀ bá pọ̀, ẹ̀yìn ìwé yóò fẹ́ ya, nítorí náà ẹ ti kọ́kọ́ fi sísọ́ọ̀sì gé ewé kan kúrò nínú mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti rán an. Ẹ̀kọ tí a fi lẹ nǹkan a máa fa aáyán, ó sì ń hu ẹbu ní àkókò òjò; álọ́ọ̀mù díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sè é a máa ràn án lọ́wọ́. Àwa máa ń ṣí ìwé wa sílẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò kan náà, nínú ìbòòji, torí pé oòrùn a máa jẹ àwọ̀ sóbò, a ó sì wá òkúta kékeré lé ewé kọ̀ọ̀kan nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà. Ìyá ẹlẹ́ja náà kò lo òkúta. Òjé ìdí àwọ̀n ni ó fi lé tirẹ̀.