Fads2: jíìnì tí ẹja àrọ̀ fi ń ṣe omega-3 fúnra ẹ̀

Tí èèyàn bá dé ọjà Ìpàtá ní Ìlọrin lónìí tó ní òun ń wá ẹja tó dáa fún ọkàn àti fún ọpọlọ ọmọ, Titus ni wọ́n máa nà sí i. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ àrọ̀, àrọ̀ ti di ẹja fàájì, ẹja pẹpẹsúùpù, wọ́n ní ọ̀rá lásán ló kún ikùn ẹ̀. Mi ò bá wọn jà lórí Titus o, omega-3 wà nínú ẹ̀ dáadáa. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹja òkun yẹn ò lè dá omega-3 náà ṣe tó bó ṣe yẹ, wọ́n ń jẹ ẹ́ ni, nígbà tó jẹ́ pé àrọ̀ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú pọ́ńdì ẹ̀yìnkùlé yín ní Tankẹ́ gbé irinṣẹ́ iṣẹ́ náà sára. Inú jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ẹja jogún látọ̀dọ̀ òbí ẹ̀, ni irinṣẹ́ ọ̀hún wà, ọ̀gá inú wọn ni wọ́n ń pè ní fads2.

Kí la tiẹ̀ ń pè ní omega-3 gan-an? Fátì ásíìdì ni, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi mọ ọ̀rá. Ẹ rántí ìlẹ̀kẹ̀ lántànà tí Ìlọrin lókìkí fún láyé ọjọ́un, bí wọ́n ṣe ń sín in sókùn ní ẹyọ-ẹyọ, bẹ́ẹ̀ náà ni kábọ́ọ̀nù ṣe tò tẹ̀léra nínú fátì ásíìdì. Ìdè tó so kábọ́ọ̀nù kan mọ́ èkejì lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ onílọ́po méjì, ibi tó bá ti jẹ́ onílọ́po méjì ló máa ń tẹ̀ kọrọdọ. Bí kọrọdọ yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀rá náà ṣe máa ń ṣàn tó, ìdí nìyẹn tí òróró ẹja kì í fi í dì bí ọ̀rá màlúù. Tí ẹ bá wá kà á láti ìdí, tí ìdè onílọ́po méjì àkọ́kọ́ bá bọ́ sórí kábọ́ọ̀nù kẹta, omega-3 ni, tó bá jẹ́ ẹ̀kẹfà, omega-6 ni. Omega-3 tó wá látara ewéko ni ALA, ó ní kábọ́ọ̀nù 18 àti ìdè onílọ́po méjì 3. Àwọn tí ara ń wá lójú méjèèjì ni EPA, kábọ́ọ̀nù 20 ìdè 5, àti DHA, kábọ́ọ̀nù 22 ìdè 6. DHA yìí ló pọ̀ nínú ọpọlọ àti ẹyinjú.

Ẹja ò lè dá ALA ṣe, àwa èèyàn náà ò lè dá a ṣe, àfi kó wá látinú oúnjẹ. Tó bá ti dé inú ẹ̀dọ̀ ẹja, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn prótíìnì tó ń sọ nǹkan kan di òmíì nínú ara, oríṣi méjì ló ń ṣe é: èyí tó ti ara fads2 wá, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa sọ ìdè ẹyọ kan di onílọ́po méjì, àwọn tó ti ara elovl5 àti elovl2 wá, tiwọn ni kí wọ́n máa so kábọ́ọ̀nù méjì-méjì kún un kó gùn sí i. Ẹ máa bá mi bọ̀. ALA dé pẹ̀lú ìdè 3, fads2 fi ìkan kún un ó di 4, elovl5 fà á gùn dé 20, fads2 tún padà wá fi ìkan sí i níbòmíì, ó di 5, EPA ti délẹ̀ nìyẹn. Wọ́n tún fà á di 22, elovl2 fà á dé 24, fads2 fi ìdè kẹfà sí i, ìgbà yẹn ni wọ́n wá gbé e lọ sínú àpò kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ peroxisome, wọ́n gé kábọ́ọ̀nù méjì kúrò, ó padà di 22, DHA dé. Ẹ máa ní kí ló dé tí wọ́n fà á dé 24 tí wọ́n tún wá gé e, wàhálà wo nìyẹn? Torí pé fads2 ti àrọ̀ ò lè fi ìdè kẹfà yẹn síbi tó yẹ nígbà tó ṣì wà ní 22 ni. Ẹja òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní rabbitfish tí tiẹ̀ lè ṣe é tààrà, ọdún 2010 ni wọ́n kéde ẹ̀, kò sì sí ẹranko elégungun ẹ̀yìn kankan tí wọ́n ti rí irú ẹ̀ lára ẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

Báwo ni jíìnì ṣe wá di ẹ́ńsáìmù? Fads2 jẹ́ abala kan nínú DNA ẹja. Sẹ́ẹ̀lì á da abala yẹn kọ sórí RNA, á wá máa wo ẹ̀dà yẹn to prótíìnì, prótíìnì ọ̀hún ni ẹ́ńsáìmù. Sẹ́ẹ̀lì ìrù náà ní fads2 tiẹ̀ o, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á kọ, ẹ̀dọ̀, ìfun àti ọpọlọ ni iṣẹ́ ti ń lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n fi mọ̀ pé ti àrọ̀ ń ṣiṣẹ́ dùn mọ́ mi gan-an. Yíìsì, èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì yẹn, ò ní fads2 rárá. Wọ́n yọ jíìnì lára àrọ̀, wọ́n fi sínú yíìsì, wọ́n fún yíìsì ní fátì ásíìdì tí àwọn fúnra wọn mọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n wo ohun tó jáde. Ní 2016 àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Stirling ní Scotland gbé èsì ti àrọ̀ wa yìí gan-an jáde, Clarias gariepinus, wọ́n rí i pé fads2 ẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ìdè ìbẹ̀rẹ̀ àti èyí tó gbé e dé EPA. Elovl2 ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀dù tí àwọn ará Norway ń sá gbẹ di okporoko: fads2 tiẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́, ó wá kọsẹ̀ síbi ti kejì.

Kò yà mí lẹ́nu jàre. Inú òkun, àwọn ewéko tíntìntín tí ojú ò rí ló ń ṣe EPA àti DHA, kòkòrò omi jẹ wọ́n, ẹja kékeré jẹ kòkòrò omi, Titus jẹ ẹja kékeré, kí ló tún fẹ́ máa ṣe lálàálàá? Omi odò ló le, DHA ò pọ̀ nínú oúnjẹ ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Japan fi ẹja kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan, stickleback, fi èyí hàn ní 2019. Àwọn ìran ẹja yìí tó ti òkun wọ odò tí wọ́n sì gbilẹ̀ níbẹ̀ ní ẹ̀dà fads2 tó pọ̀ ju ti ìbátan wọn tí ò kúrò lókun. Wọ́n wá mú èyí tó jẹ́ ti òkun, wọ́n fi kún fads2 ẹ̀, wọ́n ń fún un lóúnjẹ tí ò ní DHA, ló bá ń pẹ́ láyé ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ.

Ibi tó kan àwa tí à ń sin ẹja ni ti fíìdì. Jíìnì wà lára àrọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́ bákan náà. Prótíìnì kan wà tó ń jẹ́ SREBP-1, iwájú fads2 ló máa ń lọ dúró sí lórí DNA, tó bá ti wà níbẹ̀ ẹ̀dọ̀ á máa da jíìnì náà kọ dáadáa. Tí oúnjẹ bá kún fún òróró ẹja, tí EPA àti DHA ti pọ̀ lára, SREBP-1 á dínkù, fads2 náà á sinmi. Tó bá jẹ́ òróró ewéko ni ẹja ń jẹ, fads2 á gbéra sọ.

Ẹ má tíì yọ̀ o. Fads2 lè gbéra sọ kó má rí nǹkan ṣe. Fíìdì tí ọ̀pọ̀ wa ń lọ̀ fúnra wa, àgbàdo, sóyà, kúlíkúlí ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀pà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ALA kankan, àgbàdo náà ò ní in tó nǹkan kan, omega-6 ló kún inú wọn, sóyà nìkan ló ní ALA díẹ̀, òun náà, omega-6 inú ẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ́ńsáìmù kan náà sì ni omega-3 àti omega-6 jọ ń lò. Bí omega-6 bá pọ̀ lọ súà, òun ni fads2 á máa bá ṣiṣẹ́ lọ, á sọ ọ́ di ARA, omega-6 tó gùn ní kábọ́ọ̀nù 20, ìwọ̀nba ALA tó wà níbẹ̀ ò ní rí àyè. Tí wọ́n bá la irú àrọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wo ọ̀rá tó rọ̀ mọ́ ìfun ẹ̀, oúnjẹ tó jẹ gan-an ni ọ̀rá yẹn jọ, omega-6 wọ̀ǹtì-wọnti. Àwọn tó ń sọ pé ọ̀rá lásán ló wà níkùn àrọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi, fíìdì ni wọ́n ń rí níbẹ̀, kì í ṣe ẹja.

Nítorí náà tó bá jẹ́ omega-3 nìkan lẹ ń wá lówó tí ẹ mú dání, Titus ṣì ni kí ẹ rà. Àwọn tó ń sin salmon nílùú òyìnbó ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń dá, òróró ewéko ni wọ́n ń fún un fún ìgbà pípẹ́ torí pé ó dínwó, tó bá wá kù díẹ̀ kí wọ́n kó o wọ́n á yí i sí òróró ẹja kí ẹran ara ẹ̀ lè kó EPA àti DHA jọ. Èèyàn lè ṣe é fún àrọ̀ náà. Tí òróró ẹja bá ti wọ́n jù, kí ẹ wá òróró irúgbìn kan tí wọ́n ń pè ní linseed díẹ̀ sínú fíìdì, ó lé ní ìdajì ẹ̀ tó jẹ́ ALA, fads2 á fi í ṣe ìyókù fúnra ẹ̀.