Ejò yín á gùn o: sáìsì ilé tó yẹ kẹ́ ẹ rà fún un látìbẹ̀rẹ̀

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ọ̀sẹ̀ kan tẹ́nì kan ò ní gbé ejò wá bá mi nínú bọ́kísì tí ò gbà á mọ́. Ejò ọ̀hún á ti ká jọ sí kọ̀rọ̀, imú ẹ̀ á ti bó torí pé àtàárọ̀ dalẹ́ ló ń fi ti ara gíláàsì, ẹni tó gbé e wá á wá máa sọ fún mi pé, "Dókítà, nígbà tí mo rà á, àyè pọ̀ nínú ẹ̀ gan-an o." Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Lọ́jọ́ tó rà á, ejò yẹn ò gùn ju rúlà ọmọ ilé ìwé lọ. Ejò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló wọn ilé fún, kò wọn ọ́n fún èyí tí ejò náà máa dà lọ́la.

Kẹ́ ẹ tó wo bọ́kísì kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ejò tẹ́ ẹ ní àti ibi tó ń gùn lọ. Corn snake, ìyẹn ejò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ò lóró, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin, ó lè máà ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, àmọ́ tó bá dàgbà tán ó lè tó 90 sí 150. Ball python, ìyẹn erè kúkúrú tó máa ń ká ara ẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù tẹ́rù bá bà á, abo ẹ̀ sábà máa ń tó 120 sí 150, akọ kì í tó bẹ́ẹ̀. Boa constrictor, ìyẹn ejò ńlá tó máa ń fún ẹran pa, tó bá jẹ́ abo, ó lè gùn tó mítà 2 sí 3. Burmese python, ìyẹn erè ńlá ilẹ̀ Éṣíà, wá ńkọ́? Bó ṣe ń jáde nínú ẹyin báyìí, ó ti tó ìdajì mítà, láàárín ọdún mélòó kan ó lè lé ní mítà 4. Ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn máa ń yára gùn jù, ìdí nìyẹn tí ilé tẹ́ ẹ bá rà fún ọmọ ejò fi máa ń há kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà táwọn èèyàn máa ń sọ tó máa ń dùn mí, wọ́n á ní ejò kì í dàgbà ju ilé ẹ̀ lọ, pé tẹ́ ẹ bá fi í sínú èyí tó kéré, ó máa mọ ìwọ̀n ara ẹ̀. Irọ́ ni o. Ìran ejò, oúnjẹ tó ń jẹ àti ooru tó ń rí ló ń pinnu bó ṣe máa tóbi tó. Bọ́kísì kékeré ò dá ìdàgbàsókè ẹ̀ dúró, ó kàn ń jẹ́ kó dàgbà nínú ìnira ni: á sanra torí pé kò ríbi rìn, iṣan ara ẹ̀ ò ní lágbára, á máa sùn sínú ìgbẹ́ ara ẹ̀, awọ ikùn ẹ̀ á wá máa rà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn ejò yín, ẹ má fi awọ tó bọ́ wọ̀n ọ́n o. Awọ yẹn máa ń nà bó ṣe ń bọ́ ọ, nítorí náà ó máa ń gùn ju ejò fúnra ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ má sì di orí mú kẹ́ ẹ fa ìrù, ẹ máa ṣe eegun ẹ̀yìn ẹ̀ léṣe. Èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ gbé rúlà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ejò, kẹ́ ẹ ya fótò ẹ̀ látòkè, kẹ́ ẹ wá tẹ fọ́nrán òwú lé àárín ẹ̀yìn ẹ̀ nínú fótò yẹn láti orí dé ìrù, kẹ́ ẹ fi òwú náà wé rúlà inú fótò. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń sin ejò pé tẹ́ ẹ bá ro gígùn àti fífẹ̀ ilé pọ̀, tó sì bá gígùn ejò mu, ó ti tó. Ìyẹn ni pé ilé tó gùn ní 90, tó fẹ̀ ní 45, ó tó ejò tó gùn ní 135. Èmi náà sọ ọ́ fáwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn, mi ò sì sọ ọ́ mọ́. Ẹ fojú inú wò ó: ejò yẹn ò ní lè na ara ẹ̀ tán láé, àfi kó tẹ ara ẹ̀ ní kọ̀rọ̀, títí ọjọ́ ayé ẹ̀. Wọ́n ní ejò ò nílò ẹ̀ torí pé ńṣe ló máa ń ká jọ, àmọ́ ejò tí ò ríbi na ara ẹ̀, kí ló tún fẹ́ ṣe ju kó ká jọ lọ? Ní 2019, Clifford Warwick, onímọ̀ nípa àwọn ẹran afàyàfà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, wọ́n wo àwọn ejò tó wà nínú ilé tí wọ́n ń kó wọn sí, wọ́n sì rí i pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó máa ń na ara wọn gbọọrọ tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọọrọ, wọ́n wá ní ilé tí ejò ò lè nà tán nínú ẹ̀ ò dáa fún un.

Tẹ́ ẹ bá rò ó lọ́nà ti ara, ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ̀dọ̀fóró ejò gùn tẹ̀lé ara ẹ̀ ni, inú ẹ̀ náà gùn tẹ̀lé ara ẹ̀. Ejò ò sì lè wúkọ́ bíi tiwa kó fi yọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò ní iṣan tó ń pààlà àyà àti ikùn tá a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹun tán, tí nǹkan bá ń yọ ọ́ lẹ́nu nínú, nínà ló máa fẹ́ nà.

Ohun tí mò ń sọ fáwọn èèyàn báyìí ni pé kí gígùn ilé má dín sí gígùn ejò nígbà tó bá dàgbà tán, kí fífẹ̀ ẹ̀ tó ìdajì ìyẹn, kí gíga ẹ̀ náà má fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìdajì. Fún ball python tàbí corn snake tí ò gùn ju 120 lọ, ẹ wá èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120 sí 60 sí 60, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí méjì sí méjì, kẹ́ ẹ má wò ó pé ilé ńlá nìyẹn o, òun ló kéré jù. Tí tiyín bá ń lọ sí 150, ẹ wá 150. Boa tó ti tó mítà 2 àbọ̀, ilé ẹ̀ ti di nǹkan tẹ́ ẹ máa ní kí káfíńtà kàn fún yín. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi gálọ́ọ̀nù tan yín jẹ. Iye omi tí tánkì gbà ni gálọ́ọ̀nù ń sọ, kì í sọ bí ilẹ̀ ẹ̀ ṣe gùn tó. Tánkì tó ga bí òpó lè gba omi púpọ̀, ejò ò sì ní ríbi rìn nínú ẹ̀.

Gíga náà ṣe pàtàkì ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ. Green tree python, ìyẹn erè aláwọ̀ ewé, kò sẹ́ni tó ń bá wa jiyàn lé e lórí, orí ẹ̀ka ló ń gbé. Àmọ́ ball python tí gbogbo ayé ní ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, Luca Luiselli àti Francesco Angelici wádìí nípa ẹ̀ nínú igbó gúúsù ìlà oòrùn Nàìjíríà, wọ́n gbé e jáde ní 1998, wọ́n rí i pé àwọn akọ, tí wọn ò tóbi tó abo, máa ń jẹ ẹyẹ gan-an, àwọn abo ló gbájú mọ́ eku. Ejò tó ń jẹ ẹyẹ á mọ igi gùn. Torí náà ẹ fi ẹ̀ka igi tó nípọn sínú ilé ẹ̀, kẹ́ ẹ dè é mọ́lẹ̀ dáadáa kó má wó lù ú, ẹ máa rí i lórí ẹ̀ lálẹ́.

Ìdí míì tí ilé kékeré ò fi dáa ni ooru. Ejò ò lè dá mú ara ẹ̀ gbóná, ibi tó gbóná ló máa lọ tó bá fẹ́ ooru, ibi tó tutù ló máa lọ tí ooru bá pọ̀ jù. Ball python nílò ibi tó tó 31 sí 33 lórí ìwọ̀n Celsius lápá kan, àti 24 sí 27 lápá kejì. Ẹ wá gbé gílóòbù lé bọ́kísì tí ò ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, kẹ́ ẹ sọ fún mi ibi tó máa tutù. Kò sí! Gbogbo ẹ̀ á kàn máa gbóná bákan náà ni, ejò á wá dà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá tí ò ní fèrèsé. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì tí mo ti tọ́jú ejò tí mátì oníná jó níkùn, thermostat, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ooru kó má pọ̀ jù, ló yẹ kó wà níbẹ̀, wọn ò rà á. Ẹ rà á, ẹ jọ̀ọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó ń fa àríyànjiyàn jù, pé ilé ńlá máa ń dẹ́rù ba ọmọ ejò débi tí ò fi ní jẹun. Mi ò ní sọ pé wọ́n ń parọ́, torí mo ti rí i, ọmọ ejò tí wọ́n fi sínú ilé ńlá tó sì kọ oúnjẹ. Àmọ́ ẹ wo inú ilé náà dáadáa: awo omi kan, ihò ìsápamọ́ kan, ilẹ̀ gbalasa. Ta ni ò ní bẹ̀rù? Ball python nínú igbó, inú ọ̀gán àti ihò eku ló ń sá sí, ohun tó máa ń fi ọkàn ẹ̀ balẹ̀ ni kí nǹkan kan ẹ̀yìn ẹ̀ àti ìhà ẹ̀ méjèèjì. Bí ògiri ṣe jìnnà tó ò kàn án, ohun tó ń wá ni bóyá òun lè rìn láti ibi kan dé ibì kejì láìjẹ́ pé ẹyẹ á rí òun látòkè.

Ẹnì kan gbé ball python ọmọ oṣù mẹ́ta wá bá mi, kò tíì jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ilé ẹ̀ jẹ́ 120 sẹ̀ǹtímítà, gbogbo àwọn tó bi ló ní kó dá a padà sínú bọ́kísì kékeré. Mo ní kó má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. A wá ihò ìsápamọ́ méjì tó há, tí ara ejò fi máa kan ògiri ẹ̀ tó bá wọnú ẹ̀, ọ̀kan síbi tó gbóná, ọ̀kan síbi tó tutù, torí tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ńṣe lejò máa yan ààbò tàbí ooru, kò ní rí méjèèjì. A da ewé ike kún àárín, a to èèpo igi síbẹ̀, a rún pépà sáwọn ibi tó ṣófo, a fi nǹkan dúdú bo gíláàsì ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá dúró níwájú ilé náà, ẹ ò ní rí ju ìdá mẹ́rin ilẹ̀ ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó jẹun. Látìgbà yẹn, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tí ejò ẹ̀ ò jẹun ni pé kó ya fótò inú ilé náà fún mi.

Àwọn ìgbà kan wà tí bọ́kísì kékeré dáa, mi ò ní tan yín. Ọmọ ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí ò tíì jẹun rí, ejò tó ń ṣàìsàn tá a fẹ́ máa wo ìgbẹ́ ẹ̀ àti èémí ẹ̀, ejò tuntun tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ kó má kó kòkòrò ran àwọn tó kù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni o, ká má sọ ọ́ di ilé ayérayé. Ẹ má sì fi ejò méjì pọ̀ nítorí pé ilé tóbi, ẹyọ kan nínú ilé kan.

Ewu gidi tó wà nínú gbígbé ọmọ ejò sílé ńlá ni àlàfo. Ibi tí orí ejò bá ti kọjá, gbogbo ara ẹ̀ á kọjá. Àlàfo tó wà láàárín gíláàsì méjì tá a máa ń fà kọjá ara wọn láti ṣí ilé náà, tí corn snake ńlá ò lè gbà, ọmọ ẹ̀ á gba ibẹ̀ lọ láàárín òru, ẹ ò sì ní rí i mọ́. Ẹ dí i, kẹ́ ẹ fi àgádágodo tì í.

Owó náà ń kọ́? Mo mọ̀ pé ilé ńlá wọ́n. Àmọ́ ẹni tó bá ra kékeré, tó ra àárín, tó wá ra ńlá, ti náwó lẹ́ẹ̀mẹta, ejò sì ti kó ẹrù lẹ́ẹ̀mẹta. Ball python sì máa ń pẹ́ láyé, 20 sí 30 ọdún kì í ṣe nǹkan bàbàrà; ọ̀kan wà ní Saint Louis Zoo l'Amẹ́ríkà tó yé ẹyin ní 2020, wọ́n sì fojú bù ú pé ó ti lé ní 60 ọdún. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní rí àyè fún ejò tó máa gùn ju mítà 3 lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ra ọmọ ẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Àwọn tó ra Burmese python ní Florida tí wọn ò rí àyè fún un mọ́ tú lára wọn sínú igbó, wọ́n ti ń bí síbẹ̀ báyìí, wọ́n ń pa àwọn ẹranko ibẹ̀ jẹ, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de kíkó wọn wọ̀lú ní 2012, apá ò sì tíì ká wọn.

Tẹ́ ẹ bá ti ra ilé, ẹ tan iná ẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì ó kéré tán kẹ́ ẹ tó gbé ejò wọnú ẹ̀, kẹ́ ẹ wọn ooru apá méjèèjì lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ mú ihò ìsápamọ́ tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ àti ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ohun tẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ kó o síbẹ̀ kó lè gbọ́ òórùn ara ẹ̀. Ẹ má gbé e fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fún un lóúnjẹ lẹ́yìn ìyẹn, lálẹ́, kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹun lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra láìbì í, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e.