Ẹ Má Dírẹ́ẹ̀tì Ohun Tó Ń Dá Ẹ̀rọ Yín Dúró

“Ẹnjiníà, bọ́ílà wa ń dúró ṣáá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa dírẹ́ẹ̀tì nǹkan yẹn.” Bọ́ílà ni ẹ̀rọ ńlá tó ń se omi di sítíìmù, ìyẹn ooru omi; ká sì dírẹ́ẹ̀tì ni ká fi wáyà fo ohun ààbò tó ń dá ẹ̀rọ dúró kọjá, kí ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Ìgbà kẹta rèé lóṣù yìí tí wọ́n máa pè mí láti Odogunyan nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣètò PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ) àti pánẹ́ẹ̀lì ààbò fáwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkòròdú, mi ò sì dírẹ́ẹ̀tì ọ̀kan rí. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Wáyà ààbò tí a bá so dáadáa, iná máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ. Bí omi bọ́ílà bá lọ sílẹ̀, iná inú wáyà já, bọ́nà, ìyẹn ohun tó ń dáná fún bọ́ílà, á sì kú. Bí eku bá gé wáyà náà jẹ, bọ́nà kú. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: ohunkóhun tí kò bá ti dá a lójú, kó pa iná. Ohun tí ẹ ń pè ní wàhálà gan-an nìyẹn.

Èyí tí mo máa ń bá àwọn oníbàárà fà jù ni pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó ń ṣọ́ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. PLC tó ń fa omi wọlé kọ́ ló yẹ kó tún dá ṣọ́ bóyá omi ti tán. Bó bá ṣìnà níbi fífa omi, ibi tó ti ń ṣọ́ ọ náà ló máa ti ṣìnà. Sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń mọ̀ bóyá omi wà tàbí kò sí) lọ́tọ̀, wáyà lọ́tọ̀, ọ̀nà tó máa gbà pa iná lọ́tọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú Boeing 737 MAX méjì já ní 2018 àti 2019, èèyàn 346 ló bá a lọ. Ètò tó ń ti imú ọkọ̀ wálẹ̀ gba ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo gbọ́. Bí mo bá sì fẹ́ fọwọ́ síwèé àyẹ̀wò, wọ́n gbọ́dọ̀ fa omi sílẹ̀ lójú mi kí n rí i tí bọ́nà kú. Àyẹ̀wò tí a jókòó sí ọ́fíìsì ṣe, ìwé lásán ni.

Láàárín 1985 sí 1987, ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tó ń jẹ́ Therac-25, tí wọ́n ṣe ní Kánádà, yin ìtànṣán tó kọjá ààlà sára aláìsàn mẹ́fà. Àwọn kan kú nínú wọn. Therac-20 tó ṣáájú rẹ̀ ní ìdènà tí kò gbára lé kọ̀ǹpútà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lára 25, wọ́n ní ètò kọ̀ǹpútà nìkan ti tó. Àṣìṣe sì wà nínú ètò ọ̀hún. Ní Texas, ẹ̀rọ náà dúró, ó kọ “Malfunction 54” sójú kọ̀ǹpútà. Ó ti mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lára pé ó máa ń dúró lemọ́lemọ́, ni wọ́n bá tẹ lẹ́tà P kí iṣẹ́ máa lọ. Ó tún yìn ín fún aláìsàn náà lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo dé ilé iṣẹ́ kan láàárọ̀ kùtù. Bọ́ílà wọn ti dúró lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Wọ́n ní ayé ló ń bá iṣẹ́ jà, wọ́n sì ti ta òróró sínú pánẹ́ẹ̀lì; ó ṣì ń kán tótó. Èmi náà ń gbàdúrà kí n tó jáde nílé, ṣùgbọ́n òróró kò níṣẹ́ kankan nínú pánẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, wọ́n pe oníwáyà ẹ̀bá ọ̀nà kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: wáyà pupa kan tí kò gùn ju ọmọńdinrín mi lọ, tó fi dírẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ omi, ojú eyín tó fi bó o ṣì wà lára rọ́bà rẹ̀.

Mo sáré wo gíláàsì ara bọ́ílà tó ń fi ìwọ̀n omi inú rẹ̀ hàn. Kò sí omi níbẹ̀ rárá, bọ́nà sì ń bú ramúramù. Mo pa iná. Ọmọ tó ń ṣọ́ bọ́ílà ti nawọ́ sí bọ́tìnì páǹpù: “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n tètè fún un lómi.” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi ké.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ní bọ́ílà: bí omi bá ti tán nínú gíláàsì tí iná ṣì ń jó, ẹ ò gbọdọ̀ fún un lómi! Irin inú rẹ̀ ti gbóná débi tó ti ń rọ̀. Omi tútù tó bá kàn án máa di sítíìmù lójijì, omi tó bá sì di sítíìmù nínú afẹ́fẹ́ máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po 1,600. Ògiri kankan ò lè gbà á dúró. Ẹ pa iná, ẹ lé gbogbo èèyàn jìnnà, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá yẹ irin rẹ̀ wò kí ẹ tó tún tan án.

Nígbà tí tiwọn tutù, a tú ọ̀nà omi. Páǹpù ò bàjẹ́. Asẹ́ ẹnu rẹ̀ ni ìpẹ́ irin àti iyanrìn ti dí; ohun tí mo gbọ̀n jáde ò kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Lóòótọ́ ni omi ò wọlé lóru ọjọ́ yẹn, sẹ́ńsọ̀ sì ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta.