Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Rí Python: Ìpalẹ̀mọ́ fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Kọ́ Kóòdù Kíkọ ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó pa kóòdù kíkọ tì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì dé ibi tí kóòdù ti le. Wọ́n fi Python sórí láptọ́ọ̀pù, wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tàbí kí wọ́n fi àfikún kan sí i lálẹ́, kí ilẹ̀ mọ́, kí ó ní kò sí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa rò pé orí òun ni kò gbé e. Orí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Nǹkan tó ń wá wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Ètò tó ń wá a ni kò mọ ibi tó wà. Ẹni tó bá lè máa bi ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà pé "níbo ló wà, ta ló sì ń wá a?" yóò rí i pé púpọ̀ nínú wàhálà ìpalẹ̀mọ́ ló ń tú fúnra rẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ni a ń tò pọ̀. Python fúnra rẹ̀ ni àkọ́kọ́, ìyẹn ètò tó ń ka kóòdù tó sì ń ṣe ohun tí kóòdù wí. Guido van Rossum ló gbé e jáde ní 1991, ọ̀fẹ́ ni, orí python.org la ti ń gbà á. Èkejì ni ibi ìkọ̀wé tí a ti ń kọ kóòdù, bíi Thonny tàbí VS Code. Ẹ̀kẹta ni ojú ìpàṣẹ, ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, tí Windows ń pè ní Command Prompt tàbí PowerShell. Ẹ̀kẹrin ni àwọn àfikún tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, pip ló sì ń bá wa kó wọn wá. Fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń wá.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo irú kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, kí ẹ lọ sí About. RAM 4 GB tó láti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2 GB ni, yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Thonny ni kí ẹ lò, nítorí VS Code yóò máa wọ́. Níbi tí wọ́n kọ System type sí, ẹ wò ó bóyá 64-bit ni, nítorí òun ni yóò sọ irú fáìlì tí a ó gbà. Bó bá jẹ́ Windows 7 ló ṣì wà lórí rẹ̀, Python 3.8 ló kẹ́yìn tó lè gbà. Èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò ní wọlé rárá, bó ti wù kí a gbìyànjú tó.

Dátà ló kàn. Python kò ju nǹkan bí 30 MB lọ, Thonny tó nǹkan bí 20 MB, VS Code lé ní 90 MB kí a tó ka àwọn àfikún tirẹ̀. Anaconda, ìyẹn Python àti ọ̀pọ̀ àfikún tí a dì pọ̀, tí àwọn kan máa ń júwe fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, lè sún mọ́ 1 GB, kò sì sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun fẹ́ fi ṣe níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Lagere tàbí Mayfair, tó ń fi hotspot fóònù ṣe é, kì í ṣe Python ni yóò jẹ dátà rẹ̀ tán. Windows Update ni. Bí láptọ́ọ̀pù bá ti rí Wi-Fi, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìmúdójúìwọ̀n láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wọ Settings, Network & internet, kí ẹ ṣí Wi-Fi tí ẹ ń lò, kí ẹ tan Metered connection kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí a ṣe èyí ṣáájú gbogbo nǹkan yòókù.

Ọ̀nà tó dínwó jù ni pé kí ẹnì kan gba fáìlì náà, kí àwọn yòókù fi fíláàṣì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máọ̀sì tẹ fáìlì náà, ẹ yan Properties, kí ẹ wo Digital Signatures. Orúkọ Python Software Foundation ló gbọ́dọ̀ wà lára ti Python, Microsoft Corporation lára ti VS Code. Bí abala yẹn kò bá sí rárá, tàbí tí orúkọ mìíràn ló wà níbẹ̀, fáìlì náà kò ṣe é fọkàn tán. Ẹ pa á rẹ́.

Ní ojúewé Python fún Windows, orúkọ pọ̀ tó ń da ojú rú. Èyí tí a ń wá ni Windows installer (64-bit). Amd64 ló máa ń wà ní ìparí orúkọ fáìlì náà, kò sì túmọ̀ sí pé ẹni tó ní Intel kò lè lò ó. Àti Intel àti AMD ló wà fún. Ẹ má ṣe mú èyí tí wọ́n pè ní embeddable package: kò ní pip nínú, kò sì ṣe é fi kẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí ẹ bá ṣí fáìlì náà, ẹ má yára tẹ Install Now. Nísàlẹ̀ ojú àkọ́kọ́ yẹn ni àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ Add python.exe to PATH sí, òfìfo ló sì máa ń wà. Ẹ fi àmì sí i. Àmì kan yìí ló ń ya ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà sọ́tọ̀ sí ẹni tí yóò fi gbogbo ọ̀sẹ̀ bèèrè.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí èèyàn bá tẹ `python` sí ojú ìpàṣẹ, Windows kì í tú gbogbo kọ̀ǹpútà wò. Ó ní àkọsílẹ̀ kan tó ń jẹ́ PATH, orúkọ àwọn fódà tí yóò yà ló wà nínú rẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ. Ó dà bí ìgbà tí a rán ọmọ lọ pe ẹnì kan tí a sì ka ilé mẹ́rin fún un: bó bá jẹ́ ilé karùn-ún ni ẹni náà wà, ọmọ yóò padà wá wí pé òun kò bá a, kò sì purọ́. Fódà tí Python ń gbé jìn gan-an, lábẹ́ AppData, nínú Local, nínú Programs. Bí kò bá sí nínú PATH, Windows kò ní débẹ̀ láéláé.

Ẹni tó ti gbàgbé àmì náà kò ní láti pa Python rẹ́. Kó tún ṣí fáìlì àkọ́kọ́ yẹn, kó yan Modify, kó tẹ Next, kó sì fi àmì sí Add Python to environment variables. Fáìlì yẹn kan náà ní Repair, fún ìgbà tí iná bá lọ lójijì nígbà tí Python ń wọlé lọ́wọ́ tí bátìrì kò sì gbé e. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ pa ojú ìpàṣẹ dé kí ẹ ṣí òmíràn. Ẹ pa VS Code náà dé pátápátá. Èyí tó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀, PATH àtijọ́ ló ṣì dì mọ́wọ́.

Ẹ wá tẹ:

`python --version`

Bí nọ́ńbà bá jáde, ó ti parí. Bó bá jẹ́ Microsoft Store ló ṣí, tàbí tó kọ "Python was not found", python.exe kan tí Windows fúnra rẹ̀ gbé síbẹ̀ láti máa darí èèyàn sí ilé ìtajà rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ wọ Settings, Apps, Advanced app settings, App execution aliases, kí ẹ pa àwọn tó ń jẹ́ python níbẹ̀.

Lórí ibi ìkọ̀wé, Thonny ló sàn jù fún oṣù àkọ́kọ́, pàápàá fún ẹni tí kò fọwọ́ kan kóòdù rí. Yunifásítì Tartu ní Estonia ni wọ́n ti ṣe é fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbé Python tirẹ̀ wá nínú àpò, kò nílò PATH, ó sì ń fi han ojú bí iye inú kóòdù ṣe ń yí padà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. VS Code lágbára jù ú lọ, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ yóò parí sí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò ní Python nínú. Ẹni tó bá yàn án gbọ́dọ̀ fi Python sílẹ̀ lọ́tọ̀, kó tún fi àfikún Python ti Microsoft sínú rẹ̀. Nítorí iná, ẹ ṣí File kí ẹ tan Auto Save lójú ẹsẹ̀.

Fódà iṣẹ́ ni kí ẹ ṣe lẹ́yìn náà, lórúkọ kúkúrú tí kò ní àlàfo, bíi `C:\kodu`. Ẹ má kó iṣẹ́ sínú Downloads tàbí sórí Desktop, pàápàá bí OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bá ń tọ́jú Desktop yẹn, nítorí yóò máa gbé gbogbo rẹ̀ lọ sókè, dátà ni yóò sì fi gbé e. Windows máa ń fi ìrù orúkọ fáìlì pamọ́: ẹni tó fi Notepad kọ kóòdù lè rò pé `ikini.py` ni òun ní, kó jẹ́ pé `ikini.py.txt` ni. Ẹ ṣí File Explorer, kí ẹ tan File name extensions nínú View. Ẹ má sì pe fáìlì yín ní `random.py`, nítorí Python ti ní `random` tirẹ̀. Fódà tí fáìlì yín wà ni Python ń kọ́kọ́ wò nígbà tí ẹ bá ní kó gbé `random` wá, fáìlì yín náà ni yóò gbé, yóò sì máa ráhùn nípa nǹkan tí ẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Bí ojú ìpàṣẹ bá sọ pé "No such file or directory", ẹ wo ibi tó dúró sí. Orúkọ fódà wà lápá òsì ibi tí ẹ ń tẹ̀wé sí. `cd C:\kodu` ni yóò gbé yín débẹ̀.

Ibi tó ti ń le jù nìyí: Python méjì lórí kọ̀ǹpútà kan. Ti Thonny wà, ti python.org wà, òmíràn tún lè wà láti Store. Èèyàn á fi pip gbé àfikún sínú ọ̀kan, VS Code á máa fi èkejì ka kóòdù, èsì á sì jẹ́ `ModuleNotFoundError`. Àfikún náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, inú ilé ẹlòmíràn ló wà. Ẹ tẹ `py -0p` kí ẹ rí àwọn Python tó forúkọ sílẹ̀ àti fódà wọn, tàbí `where.exe python` fún àwọn tó wà nínú PATH. Ẹ má gbàgbé `.exe` yẹn, nítorí nínú PowerShell, `where` lásán ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Nínú VS Code, ẹ tẹ Ctrl+Shift+P, ẹ yan Python: Select Interpreter. Dípò `pip install` lásán, ẹ máa kọ (pandas, àfikún kan fún iṣẹ́ dátà, la fi ṣàpẹẹrẹ):

`python -m pip install pandas`

Èyí ń fi dá wa lójú pé Python tí a pè gan-an ni yóò gba àfikún náà.

Ohun tó ń pa wàhálà yìí kúrò pátápátá ni kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Python tirẹ̀ nínú fódà rẹ̀:

`python -m venv .venv`
`.venv\Scripts\activate`

Bí `(.venv)` bá hàn níwájú ìlà, a ti wọlé. PowerShell sábà máa ń kọ̀ níbí, á ní "running scripts is disabled on this system". Ààbò Windows ni. `Set-ExecutionPolicy -Scope CurrentUser RemoteSigned` yóò ṣí i, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń ṣe é. Lórí Ubuntu, tí àwọn kan ń lò dípò Windows, `sudo apt install python3-venv` ló ṣáájú, `source .venv/bin/activate` ni a sì fi ń wọlé.

Ẹ má ṣe da fódà `.venv` sí fíláàṣì fún ọ̀rẹ́. Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tí a ti ṣe é ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Àwọn àfikún la lè pín. Ẹni tó ní dátà yóò tẹ:

`python -m pip download -d C:\apo pandas`

Yóò kó pandas àti gbogbo ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé sínú `C:\apo`. Ẹni tó gba fódà náà yóò tẹ:

`python -m pip install --no-index --find-links C:\apo pandas`

kò sì ní fi dátà kankan ṣe é. Àfi kí Python àwọn méjèèjì jẹ́ ẹ̀dà kan náà: ohun tí a gbà fún 3.13 lè má wọ 3.12.

Ó ku ohun kan tí àwọn ìwé tí wọ́n kọ nílẹ̀ òkèèrè kì í sọ, ìyẹn lẹ́tà Yorùbá. `print("Ilé-Ifẹ̀")` yóò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọ ọ́ sínú fáìlì lórí Windows, `UnicodeEncodeError: 'charmap' codec can't encode` lè jáde, nítorí pé nínú àwọn Python tó wọ́pọ̀ lónìí, àkójọ lẹ́tà àtijọ́ tí kò mọ ẹ àti ọ ni `open`, àṣẹ tó ń ṣí fáìlì, ń lò bí a kò bá sọ fún un. Ẹ sọ fún un:

`open("ilu.txt", "w", encoding="utf-8")`

Èkejì fara sin ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú wa rí lẹ́tà mẹ́ta nínú "Ifẹ̀", ṣùgbọ́n `len("Ifẹ̀")`, àṣẹ tó ń ka iye àmì, lè sọ pé mẹ́rin ni, ó sì lè sọ pé márùn-ún. Kò sí àmì kan ṣoṣo fún ẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà àwọn èdè ayé tí kọ̀ǹpútà ń lò: ẹ wà lódidi, àmì ohùn ni a ń gbé lé e. Kíbọọ̀dù mìíràn tún máa ń ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ lára e. Nítorí náà, "Ifẹ̀" tí a tẹ̀ lórí fóònù àti èyí tí a tẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù lè bára mu lójú, kí Python sì ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣe àkójọ orúkọ tàbí ìwé atúmọ̀ tí kò rí ohun tó ń wá, kó kọ́kọ́ fi èyí sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ọ̀nà kan kó tó fi wọ́n wéra:

`import unicodedata`
`oro = unicodedata.normalize("NFC", oro)`