Ṣé òmìnira ti dé nìyẹn bí apàṣẹwàá bá ti ṣubú?

Nígbàkígbà tí ìròyìn bá gbòde pé ìjọba apàṣẹwàá kan ti wó, ìgbàgbọ́ méjì ló máa ń sáré gba ẹnu àwọn ènìyàn. Àwọn kan a ní òmìnira ti dé, pé ẹni tó ń ni ìlú lára ti lọ, kò sì sí ohun tó tún lè dí ìjọba tiwa-n-tiwa lọ́wọ́ mọ́. Àwọn mìíràn a ní kí ẹ dúró ná, ẹ ó rí i, wọn yóò para wọn tán, nítorí pé ọwọ́ líle nìkan ló so irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìgbàgbọ́ àkọ́kọ́ dùn létí, èkejì sì jọ ọgbọ́n àgbà, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ló wà nídìí àwọn méjèèjì: wọ́n gbà pé ìṣubú olórí ti pinnu ohun tí yóò tẹ̀lé e. Kò pinnu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ọjọ́ náà ń pinnu ni ẹni tí kò ní ṣe ìjọba mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣubú gan-an. Ìjọba apàṣẹwàá kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀gágun wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, àwọn adájọ́ tó yàn, àwọn oníṣòwò tí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba sọ di olówó, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún akọ̀wé tó ń gba owó oṣù lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Hosni Mubarak fi ipò sílẹ̀ ní Íjíbítì ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2011, lẹ́yìn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọgbọ̀n ọdún lórí àlééfà, ariwo ayọ̀ gba gbogbo gbàgede Tahrir, ayọ̀ náà sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gágun ló gba ìjọba, àwọn tó wà ní gbàgede kọ́. Àwọn ọ̀gágun náà yọ̀ǹda ẹnì kan kí agbára tiwọn má bàa bá a lọ. Wọ́n dìbò ní ọdún 2012, Mohamed Morsi wọlé, àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2013, àwọn ológun yọ òun náà nípò. Ọ̀gágun Abdel Fattah el-Sisi tó kéde ìyọnípò náà ló di ààrẹ ní ọdún 2014.

Ní Ròmáníà, wọ́n yìnbọn pa Nicolae Ceaușescu àti ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1989, kò sì ju oṣù márùn-ún lọ tí Ion Iliescu, tí òun fúnra rẹ̀ ti di ipò ńlá mú rí nínú ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì, fi wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ pẹ̀lú ìbò rẹpẹtẹ. Ẹni tó bá dájọ́ lọ́dún yẹn ì bá sọ pé pàbó ni gbogbo ìjà náà já sí. Síbẹ̀ Iliescu fìdí rẹmi nínú ìdìbò ọdún 1996, ó gbé ìjọba sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, orílẹ̀-èdè náà sì wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ọdún 2007.

Bó bá wá jẹ́ pé àwọn tó ṣẹ́kù ni ìṣòro, ṣé kí á gbá gbogbo wọn dànù lẹ́ẹ̀kan náà? Ìráàkì ti dáhùn ìbéèrè yìí, ìdáhùn náà sì korò. Baghdad bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 2003. Nínú oṣù tó tẹ̀lé e, Paul Bremer, tí Amẹ́ríkà rán láti máa ṣàkóso ibẹ̀, fọwọ́ sí àṣẹ méjì. Ti ọjọ́ 16 lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Baath, ẹgbẹ́ òṣèlú Saddam Hussein tó ṣubú, tó wà nípò gíga kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ sì bá a lọ, bẹ́ẹ̀ nítorí àtijẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe wọ ẹgbẹ́ náà. Ti ọjọ́ 23 tú ilé-iṣẹ́ ológun ká, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọkùnrin sì di aláìríṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà, àwọn sójà tí wọ́n tú ká yìí pé jọ sẹ́nu ọ̀nà ààfin tí àwọn Amẹ́ríkà fi ṣe ọ́fíìsì, owó oṣù wọn ni wọ́n ń béèrè. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ìbọn dún, méjì nínú wọn sì kú. Wọ́n padà ṣètò owó ìrànwọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n inú ti bí ọ̀pọ̀ kọjá ohun tí owó lè tù. Àwọn ọkùnrin tó mọ ìbọn lò, tí wọ́n mọ ibi tí ohun ìjà wà, tí kò sì sí ohun tí wọ́n lè mú délé fún ọmọ wọn, ara wọn ni ogun tó tẹ̀lé e ti rí àwọn tó jà á. Lójú tèmi, ìwé owó oṣù ló yẹ kí á máa wò jù lọ lẹ́yìn tí olórí bá ṣubú, òun náà sì ni ìròyìn kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Fún àwọn tó ní rògbòdìyàn nìkan ló ń tẹ̀lé e, Pọ́túgàl wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1974, àwọn ọ̀gá ológun tí ipò wọn kò ga púpọ̀ fòpin sí ìjọba apàṣẹwàá tó ti lo ọdún 48, àwọn ará Lisbon sì ń fi òdòdó pupa bọ ẹnu ìbọn àwọn sójà. Àwòrán òdòdó yẹn ni ayé rántí. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni oṣù mọ́kàndínlógún tó tẹ̀lé e, nígbà tí ìjọba fìdíhẹ kan ń wó tẹ̀lé òmíràn títí wọ́n fi gbé ìkẹfà kalẹ̀, tí ìdìtẹ̀gbàjọba kan kùnà ní oṣù Kẹta ọdún 1975, tí òmíràn tún kùnà ní oṣù Kọkànlá. Ẹni tó bá wo orílẹ̀-èdè náà láàárín ọdún yẹn kò jẹ̀bi bó bá ní ogun abẹ́lé ló ń bọ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tó pé ọdún kan géérégé tí ìjọba àtijọ́ ṣubú, ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tó jáde lọ yan àwọn tí yóò ṣe òfin tuntun, òfin náà sì jáde ní ọdún 1976. Ìbò yẹn fi han gbogbo ènìyàn bí agbára ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó, ó sì wá ṣòro fún ológun èyíkéyìí láti máa fi orúkọ ará ìlú ṣe ohun tí ará ìlú kò dìbò fún.

Ti Tùnísíà ló dùn mí jù. Zine El Abidine Ben Ali sá lọ sí Saudi Arabia ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2011. Nígbà tí wọ́n pa olóṣèlú méjì ní ọdún 2013, tí gbogbo nǹkan fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ agbanisíṣẹ́, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn àti ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ló pe àwọn olóṣèlú jókòó títí wọ́n fi fohùn ṣọ̀kan. Òfin tuntun jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2014, ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní ọdún 2015. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yẹn ti wà láti ọdún 1946, Ben Ali kò sì rí i pa run. Ní Líbíà tó múlé tì wọ́n, níbi tí Muammar Gaddafi kò ti gba ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó dá dúró láyè, kò sí irú alárinà bẹ́ẹ̀. Ìdìbò ọdún 2012 lọ déédéé níbẹ̀, àmọ́ àwọn agbébọn kò kó ìbọn sílẹ̀, ìjọba gan-an ló ń sanwó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tó sì di ọdún 2014, ìjọba méjì ló wà.

Tùnísíà náà kò sì bọ́. Iṣẹ́ kò pọ̀ sí i, ọjà ń wọ́n sí i, nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2021, Ààrẹ Kais Saied, tí wọ́n fi ìbò yàn, dá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dúró, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tú sójú títì lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń yọ̀. Èmi kò lè pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi dúró de ohun tí òmìnira yóò mú wọ inú ilé wọn.

Ṣé kí àwọn ènìyàn wá fara da apàṣẹwàá nítorí pé wọn kò mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Rárá, nítorí pé kò sí ìdánilójú kankan lábẹ́ òun náà. Ogun tó lé ju ìdajì àwọn ará Síríà kúrò nílé, ojú Bashar al-Assad lórí oyè ni wọ́n ti jà á. Nígbà tó sì sá lọ sí Moscow ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn òbí ya lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Sednaya, wọ́n ń fi iná fóònù yẹ ìwé tó fọ́n kálẹ̀ wò bóyá wọn yóò rí orúkọ ọmọ wọn. Sùdáànì tilẹ̀ jẹ́ kó yé ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àwọn ológun má bàa ríbi dìtẹ̀ mọ́ ọn, Omar al-Bashir gbé ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì dìde ní ọdún 2013, èyí tí wọ́n ń pè ní RSF, láti inú àwọn agbébọn Janjaweed tó ti jà fún un ní Darfur. Ọmọ ogun méjèèjì pawọ́ pọ̀ yọ ọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n pawọ́ pọ̀ gba ìjọba mọ́ àwọn alágbádá lọ́wọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, wọ́n sì kọjú ìjà síra wọn ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023. Ọdún 2019 ni àwọn tó ní lílọ Bashir ló bí ogun náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn, bẹ́ẹ̀ ọdún 2013 ni wọ́n ti dá ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà á sílẹ̀, Bashir fúnra rẹ̀ ló sì dá a sílẹ̀.