Àárín ìlú Ìjẹ̀bú-Òde

Àárín ìlú Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni agbègbè tí ààfin Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, wà, pẹ̀lú àwọn ọjà, ilé àwọn olóyè, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àgbà, àti àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn oníṣòwò kọ́ láyé àtijọ́. Òwò, aṣọ híhun àti ayẹyẹ ti ń gbé pọ̀ níbẹ̀ láti ayébáyé. Nígbà tí ọ̀nà ńlá yà kúrò lára ìlú, òwò tó ń bá èrò ọ̀nà rìn dín kù níbẹ̀. Ayẹyẹ Ojúde Ọba àti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí, ló jí ibẹ̀ padà jù lọ. Ohun tí kò tíì jí ni àwọn ilé àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn ń ya lulẹ̀ lójú àwọn tó ni wọ́n.

Ìta

Lẹ́nu Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní ìta ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa ni, tó wà níwájú ilé olóyè tàbí ní oríta, níbi tí àwọn ará ìtún, ìyẹn àdúgbò, ti ń nájà, tí wọ́n ti ń pàdé, tí wọ́n sì ti ń jó. Orúkọ àwọn àdúgbò kan ṣì ń jẹ́rìí sí i: Ìtalúpè, Ìtalówájọdá, Ìta-Ńtẹ̀bọ. Orúkọ Ọbańta pàápàá, baba ńlá àwọn Awùjalẹ̀, kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn ẹnu sọ pé bí ó ti ń wọ ìlú bọ̀, àwọn ènìyàn ń ké sí ara wọn pé “Ọba ń bẹ níta!”, ariwo náà ló sì di orúkọ.

Ẹni tó bá fẹ́ tún àárín ìlú yìí ṣe, ìta ló yẹ kí ó kọ́kọ́ wò. Tí kíósì, kọ̀ntéínà àti mọ́tò tó ń wá èrò bá gba ìta tán, ọjà lè máa lọ bó ti ń lọ, àmọ́ ijó, ìjókòó àwọn àgbà àti eré àwọn ọmọdé á ti kẹ́rù wọn lọ síbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìta ni èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Òpópónà tí wọ́n fẹ̀ sí i náà ti gba nínú ilẹ̀ wọn, nítorí iwájú ṣọ́ọ̀bù ni katakata máa ń kọ́kọ́ kàn.

Ọ̀nà tó mú ọrọ̀ wá, ọ̀nà tó gbé e lọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni Duarte Pacheco Pereira, awakọ̀ òkun kan láti Pọtugí, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà ní ẹ̀yìn ọ̀sà Èkó tó ń jẹ́ Geebu, tí yàrà ńlá yí ká. Àwọn onímọ̀ so yàrà náà mọ́ Erédò Súngbọ́, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ipò tí ìlú wà ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ẹrù tó gba orí ọ̀sà wá ń gúnlẹ̀ sí ọjà Ẹ̀jìnrìn, ẹrù àwọn ará òkè sì ń dé ọjà Òrù, níbi tí Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Àárín méjèèjì, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ló wà. Àlejò kì í kọjá, oníbodè ń gba owó, àwọn Pàràkòyí sì ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò.

Ogun Ìmàgbọ̀n ló fọ́ ìdènà yẹn, ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Colonel Francis Scott ṣáájú wọn ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà là fún gbogbo ènìyàn láti ìgbà náà. Kò pẹ́ sí i tí ojú irin fi dé, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ló gbà kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn ní 1901, kò sì fara kan Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wá tún un ṣe. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí ó gba Ìkòròdú, Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde kọjá ń mú èrò tí ebi ń pa wọ ìlú lójoojúmọ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á ra gàrí Ìjẹ̀bú, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ní 1978 ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí. Ṣàgámù ló gbà kọjá. Ọ̀nà tó ti Ṣàgámù lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Bìní náà gba ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde ni, kò wọ àárín ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni èrò ọ̀nà jíjìn ṣe dẹ́kun àtimáa yà síwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù àtijọ́.

Ohun tó kù fún àárín ìlú ni àwọn tó ní ìdí láti wá síbẹ̀ fúnra wọn. Àwọn ará abúlé tó yí ìlú ká ń wá sí ọjà Òkè-Ajé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti Ìjagun àti Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí yunifásítì wà, wá ra aṣọ àti oúnjẹ. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà l’Ékòó ń wálé fún òkú, ìgbéyàwó àti ọdún.

Aṣọ olónà

Iṣẹ́ ọnà tí a fi mọ Ìjẹ̀bú jù ni aṣọ. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú láti lọ tà á ní etíkun tí à ń pè ní Gánà lónìí, nígbà tó sì yá, aṣọ láti agbègbè yìí dé Brazil. Èyí tó níyì jù nínú wọn ni aṣọ olónà, tí àwọn Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni lẹ́nu Ìjẹ̀bú, àti àwọn olóyè ń lò. Ìtagbé, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, wà lára rẹ̀.

Obìnrin ló ń hun ún, lórí òfì tó dúró ti ògiri. Ó jókòó kọjú sí òwú tó ti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó ń fi ìka ṣa òwú aláwọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kì í sáàárín, títí ọ̀nì tàbí ọ̀pọ̀lọ́ tàbí ejò á fi yọ jáde lára aṣọ. Kò sí àwòrán níwájú rẹ̀ tó ń wò. Orí ìyá rẹ̀ ló ti wọ orí tirẹ̀. Etí aṣọ ni yóò fi wájawàja sí. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í wà ní pípatẹ ní ọjà, ẹni tó nílò rẹ̀ ló ń wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, èyí ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú fi dàgbà láìrí ẹni tó ń hun ún rí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n hun ti dín kù gan-an. Tí àárín ìlú bá máa jẹ́ ibi iṣẹ́ ọnà ní tòótọ́, obìnrin tó wà nídìí òfì yìí yẹ kó ní àyè ní ojú títì, kí ọmọ iléèwé tó ń kọjá lè dúró wò ó.

Ojúde Ọba

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń wáyé, níwájú ààfin. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ìtàn rẹ̀ so mọ́ orúkọ Balógun Kúkù, oníṣòwò ńlá tó di Mùsùlùmí, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Lónìí, onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí jọ ń ṣe é ni. Àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wọlé, ìbọn ń dún, ọmọdé tí kò tó ẹsẹ̀ ẹṣin pàápàá wà lórí gàárì.

Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló gbé e dé ibi tó wà. Ẹgbẹ́ ọjọ́-orí ni wọ́n, àwọn tí a bí láàárín ọdún mẹ́ta síra ló ń wà nínú ẹyọ kan, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Ògbágbá Kejì, tó jọba láti 1960 títí ó fi wàjà ní 13 July 2025, ló sọ àṣà náà dọ̀tun ní àwọn ọdún 1980. Gbọbaníyì, Bọbagbìmọ̀, Ọbafùwàjì àti Jagunmólú wà lára àwọn orúkọ tí a mọ̀ jù.

Ọjọ́ kan péré ni ayẹyẹ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gba oṣù púpọ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí àwọ̀ aṣọ, ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn sì ti máa ń pọ̀ jù! Wọ́n á gba àpẹẹrẹ aṣọ òkè lọ́wọ́ aláṣọ, wọ́n á gbé e síta sínú oòrùn kí wọ́n rí bí ó ṣe ń tàn, wọ́n á dá owó jọ. Lẹ́yìn náà ni ó kan télọ̀, ẹni tó ń ran fìlà, ẹni tó ń wé gèlè, oníyùn, onílù, olóúnjẹ àti onílé ìtura. Òwò náà ń kọjá Ìjẹ̀bú, nítorí Ìsẹ́yìn tó gbajúmọ̀ fún aṣọ òkè ń rí tirẹ̀ gbà níbẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní 2020, gbogbo àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí ló fara gbá a. Ní 2024, àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀nà.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ọ̀rọ̀ ẹbí

Lẹ́yìn 1892, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú fi owó wọn kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní irú ọ̀nà tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé mú wá sí Èkó. Ilé Balógun Kúkù, tí ó sọ ní Ọlọ́runṣògo, ni ó lókìkí jù nínú wọn. Ìsàlẹ̀ fún ọjà, òkè fún ìyàwó àti ọmọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti dá mọ̀. Orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ṣe òdòdó wà lára òpó, nígbà mìíràn ọdún tí wọ́n parí rẹ̀ á wà níwájú. Páànù orí rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nísàlẹ̀, ẹnì kan ṣì ń ta báàgì àti bàtà nínú yàrá tí bàbá àgbà ti ń ta aṣọ. Lókè, ilẹ̀kùn ti wà ní títì láti ọjọ́ tí ìyá àgbà ti kú, omi òjò sì ń gba àjà wọlé.

Ohun tó ń pa àwọn ilé yìí kì í sábà jẹ́ àìlówó. Ilé ẹbí ni wọ́n. Òfin àbáláyé tí kóòtù Nàìjíríà ń lò sọ pé bí olórí ẹbí bá ta ilé ẹbí láìgba ìmọ̀ràn àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e. Bí ẹlòmíràn bá sì tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Òfin yìí dára, torí ó dáàbò bo ọmọ tí kò sí nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrólé bá ti di ogójì, tí wọ́n fọ́n ká Èkó, London àti Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tí yóò fi owó ara rẹ̀ pààrọ̀ páànù ilé tí gbogbo wọn jọ ni. Àwọn ẹbí kan ti rí ọ̀nà gbé e gbà: wọ́n yan ẹni méjì tàbí mẹ́ta sí ìdí ilé, owó háyà ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń tún òkè ṣe, wọn kò sì pín in. Ìwé tí gbogbo ẹbí fọwọ́ sí ló ń mú kí èyí pẹ́.

Bíbẹ ìjọba nìkan kò tó. Òfin ọdún 1979 fún àjọ tó ń rí sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lágbára láti dáàbò bo irú ilé wọ̀nyí, síbẹ̀ wọ́n wó Ìlọ́jọ̀ Bar ní Èkó ní September 2016, ilé Àgùdà tí ìjọba ti kà sí ohun ìrántí láti 1956.

Àwọn ìgbìyànjú

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Ìjẹ̀bú-Òde ṣe ìjíròrò ìlú lórí òṣì, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ètò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, onímọ̀ nípa ìlú àti ilẹ̀, tó fi Ìjẹ̀bú-Òde ṣe ibùgbé, tó sì kú ní 2022, ló ṣáájú ìgbìmọ̀ tó ti inú rẹ̀ jáde. Nípasẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n fi gbé owó kiri. Ohun tí a rí jù nínú iṣẹ́ wọn ni abúlé ẹja sísìn ní Èrìwé. Àárín ìlú kò rí àtúnṣe ńlá gbà nínú rẹ̀, àmọ́ ó fi hàn pé ìlú lè fúnra rẹ̀ jókòó, kí ó sì dá owó.

Ní Amẹ́ríkà, ètò Main Street tí National Trust for Historic Preservation gbé kalẹ̀ ní 1980 kọ́kọ́ máa ń kó àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti onílé òpópónà kan jọ kí wọ́n tó kun ilé kankan lọ́dà. Ìjẹ̀bú kò nílò láti yá ìyẹn. Ìyálọ́jà wà, ẹgbẹ́ ọlọ́jà wà, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wà, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń dá owó aṣọ lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ kan tó bá lè dá owó aṣọ òkè lè dá owó òrùlé ilé kan.

Ṣàgámù

Ọ̀rọ̀ Ṣàgámù, ní Rẹ́mọ, yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ìlú Rẹ́mọ tó kó jọ ní 1872 nítorí ogun ló di Ṣàgámù, lábẹ́ Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, ìlú kọ̀ọ̀kan sì mú olóyè àti ìta tirẹ̀ wá. Kò ní àárín kan ṣoṣo, ọjà ló so ó pọ̀. Obì ló sọ ọjà náà di ńlá, ìyẹn gbànja tí àwọn Hausa ń wá rà láti gbé lọ sí òkè ọya, Sábó sì ni wọ́n tẹ̀dó sí. Rògbòdìyàn July 1999 pa ènìyàn, ó sì da òwò náà rú. Obì ṣì ń jáde. Wọ́n ń ṣà á lórí ẹní, èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ́tọ̀, èyí tó jọjú lọ́tọ̀, wọ́n ń fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n kí ó má baà gbẹ, kí wọ́n tó rán ẹnu rẹ̀ pa fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Kánò.